Eré Tí Kì Í Pariwo Ti Wọ Abuja O

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Dírẹ́bà ni mí, Gwarinpa ni mò ń gbé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí àmọ́ Jos ni wọ́n bí mi sí, bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa tí bàbá wa ti bá òwò wá sí Òkè Ọya tipẹ́tipẹ́. Àríyànjiyàn mọ́tò oníná, èyí tó ń fi bátìrì rìn dípò epo, ló jẹ́ kí n gbé bírò, torí kò tán lẹ́nu àwa dírẹ́bà níbi tí a bá ti jókòó dúró de ọ̀gá, ì báà jẹ́ ní ọgbà iléeṣẹ́ ìjọba, ì báà jẹ́ níwájú hòtẹ́ẹ̀lì ní Wuse 2. Àwọn kan á ní mọ́tò tí kò dún, irú mọ́tò wo nìyẹn, pé fìríìjì tí wọ́n de táyà mọ́ ni. Àwọn kejì á ní irọ́ ni, pé ó ń fi mọ́tò spọ́ọ̀tì elépo ṣẹ̀sín. Wọ́n á fa ọ̀rọ̀ náà títí ọ̀gá á fi jáde. Lójú tèmi ọ̀rọ̀ eré ti yanjú, kò sí ìjà níbẹ̀ mọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ ni pé eré yìí kì í kìlọ̀ fún èèyàn kó tó dé, bẹ́ẹ̀ ìlú tí a wà yìí, etí ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sọdá títì.

Mọ́tò méjì ni mò ń wà fún ọ̀gá mi. Ọ̀kan jẹ́ spọ́ọ̀tì elépo, V8, ìyẹn ẹ́ńjìnnì sìlíńdà mẹ́jọ, tí ẹ bá ṣáná sí i ní ìdájí, gbogbo máígáàdì àdúgbò ló máa mọ̀ pé ọ̀gá ń jáde. Ìkejì ni oníná, ẹ̀yìn ìgbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023 ló rà á. Mi ò ní dárúkọ irú mọ́tò tó jẹ́ o, torí tí mo bá dárúkọ ẹ̀ báyìí wọ́n á ti mọ ẹni tó kọ lẹ́tà.

Ẹ́ńjìnnì elépo, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ kí táyà tó gbọ́ pé ẹ tẹ nǹkan. Atẹ́gùn á wọlé, epo á bá a, plọ́ọ̀gì á ṣáná, písítìnnì á máa lọ á máa bọ̀, ẹ́ńjìnnì ọ̀hún á tún ní láti yí dé ibi tí agbára ẹ̀ wà gan-an, tó bá jẹ́ èyí tó ní tọ́ọ̀bò, tọ́ọ̀bò náà á kọ́kọ́ kó atẹ́gùn jọ, jíà á jábọ́ sílẹ̀ kan tàbí méjì, ìgbà yẹn ni ẹ máa tó mọ̀ ọ́n lẹ́yìn yín. Oníná ò mọ gbogbo wàhálà yẹn. Ẹ̀rọ iná tó ń yí táyà, látorí odo ni agbára ìyípo ẹ̀ ti pé, kò sí jíà tó fẹ́ pààrọ̀ (àwọn díẹ̀ wà tó ní jíà méjì, bíi Porsche Taycan, àmọ́ ọ̀pọ̀ ò ní ju ẹyọ kan), ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ti lọ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ tún ń ṣọ́ táyà, tí táyà bá fẹ́ yọ̀ báyìí, ó ti dín iná kù kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ohun tí àwa ń fi ọdún àti ọdún kọ́ lórí kílọ́ọ̀ṣì, ọmọ tó gba láísẹ́nsì lánàá á ṣe é dáadáa jù wá lọ, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló máa lò.

Ẹ wo Bugatti Veyron tó jáde ní 2005, owó ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan Yúrò, sìlíńdà 16, tọ́ọ̀bò 4, rédíétọ̀ 10 ni wọ́n kó sínú ẹ̀ kó má baà jóná, agbára ẹṣin 1,001, gbogbo ayé pariwo pé ó ń fi 2.5 sẹ́kọ́ńdì kúrò ní ìdúró dé 100 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Nígbà tó di 2021, Tesla gbé Model S Plaid jáde, mọ́tò ilẹ̀kùn mẹ́rin tí èèyàn lè fi gbé ìyàwó àtọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní 1.99 sẹ́kọ́ńdì ló fi ń dé 60 máìlì, ìyẹn bíi 97 kìlómítà. Ká má parọ́ ṣá o, àrékérekè díẹ̀ wà nínú 1.99 yẹn, torí wọn ò ka ẹsẹ̀ bàtà àkọ́kọ́ tí mọ́tò fi gbéra mọ́ ọn, títì tí wọ́n dìídì tún ṣe fún ìje ni wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n. Ẹ fi díẹ̀ kún un tí ẹ bá fẹ́, ó ṣì ń ṣáájú Veyron.

Rimac ti ilẹ̀ Croatia tún wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Mate Rimac tó dá iléeṣẹ́ yẹn sílẹ̀, BMW àtijọ́ kan ló ń fi sáré ìje, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ bàjẹ́, ló bá kúkú fi ẹ̀rọ iná rọ́pò ẹ̀. Níbẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nevera tó ṣe ní ẹ̀rọ iná mẹ́rin, táyà kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, agbára ẹṣin 1,914. Ní 2023 ó kúrò ní ìdúró, ó dé 400 kìlómítà láàárín wákàtí kan, ó tún tẹ bíréèkì padà sí ìdúró, gbogbo ẹ̀ ò pé 30 sẹ́kọ́ńdì. Láti 2021 ni Bugatti fúnra ẹ̀ sì ti wà lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú Rimac, Tourbillon tuntun tí wọ́n fi hàn ní 2024 ní ẹ̀rọ iná mẹ́ta nínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì elépo ẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé oníná kì í ṣe mọ́tò ọkùnrin, kí wọ́n lọ bi Bugatti.

Kì í tiẹ̀ ṣe nǹkan tuntun. Mọ́tò àkọ́kọ́ tó kọjá 100 kìlómítà láàárín wákàtí kan láyé yìí, oníná ni. Camille Jenatzy, ọmọ Belgium, ló wà á lẹ́bàá Paris ní April 1899, 105.88 ló sá, La Jamais Contente ni wọ́n ń pe mọ́tò náà. Lugard ò tíì so gúúsù àti àríwá pọ̀ nígbà yẹn o.

Àwa ará Jos náà ní tiwa láti sọ. Jos ga tó bíi 1,200 mítà sí òkun, atẹ́gùn ibẹ̀ fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì elépo tí kò ní tọ́ọ̀bò á pàdánù tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára ẹ̀, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá mi máa ń sọ pé mọ́tò òun ń "sẹ" tó bá ti gun òkè Hawan Kibo, kò kúkú parọ́. Ẹ̀rọ iná kì í mí, kò kàn án bóyá Jos ni tàbí Lokoja.

Mo ní láti ṣe ìdájọ́ òdodo fún elépo náà, torí mo fẹ́ràn V8 yẹn, mi ò ní parọ́. Tó bá jẹ́ eré àsápẹ́, ẹ ti dé 200 tẹ́ ẹ ṣì ń lọ, elépo tó ní jíà méje tàbí mẹ́jọ kì í tètè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bátìrì oníná, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ léraléra, á gbóná, kọ̀ǹpútà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín agbára kù láti dáàbò bò ó. Atẹ́gùn tí mọ́tò ń là kọjá ń fa iná jẹ gan-an tí eré bá pọ̀. Ó tún wúwo. Plaid lé ní 2,100 kìlógíráàmù, Porsche 911 Turbo S tó jáde ní 2020 ò tó 1,700, òun náà sì ń fi 2.7 sẹ́kọ́ńdì dé 100. Fọkanáísà wa ní Life Camp ló kọ́kọ́ fi hàn mí: ó yọ táyà ẹ̀yìn oníná ọ̀gá, ó dojú ẹ̀ délẹ̀, inú lọ́hùn-ún ti dán bọ̀rọ́, ìta ṣì ní eyín. Ó ní "Bọ̀dá, mọ́tò yìí kò pẹ́ tí ẹ gbé e wá jàre." Mo ní ìwúwo ni, àti eré ìgbéra.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ síbi tí mò ń lọ.

Ìyá ọ̀gá mi wá láti Ìlọrin lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ní òun fúnra òun máa wà á lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́, Màmá wà lẹ́yìn pẹ̀lú gèlè wọn. A dé ẹ̀gbẹ́ Lugbe, ọ̀gá fẹ́ bọ́ sí Airport Road níwájú tírélà kan, ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa ń tẹ V8. Orí Màmá fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí àga, gèlè yọ sí iwájú, ó bo ojú wọn. Màmá ní "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló ń lé wa?" Ọ̀gá ní "Ẹ má bínú Màmá, mi ò tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀." Mo wo skírìnì, ó ti ń sún mọ́ 120. Nínú V8, etí ọ̀gá ì bá ti sọ fún un, ẹ́ńjìnnì á ti ké, jíà á ti yí, gbogbo ara á ti mọ̀ pé eré ti wọlé. Nínú oníná, ohùn kan náà ni ní 40, ohùn kan náà ní 90, yàtọ̀ sí táyà àti atẹ́gùn díẹ̀, afi tí ẹ bá wo skírìnì. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń bọ́ sí Airport Road níwájú tírélà, ibi tó ń wò kọ́ ni skírìnì.

Ìyẹn ni ti ẹni tó wà nínú. Ẹni tó wà níta ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Abuja mọ àwọn mai ruwa wa, àwọn tó ń ti kúrà omi, ọmọlanke tí wọ́n fi ń ta omi, kiri. Ẹ ṣe àkíyèsí wọn dáadáa lọ́jọ́ kan. Tí wọ́n bá fẹ́ ré kọjá títì, wọn kì í wẹ̀yìn, torí ẹrù tó wà lọ́wọ́ wọn ò gbà wọ́n láyè láti yí ọrùn, kẹ́ẹ̀gì mélòó kan tó kún fún omi kì í ṣe eré, orí ni wọ́n máa ń dẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, etí ni wọ́n fi ń wòye. Tí wọn ò bá gbọ́ nǹkan, wọ́n á yí kúrà sójú títì. Mo wà lẹ́yìn ọ̀kan ní àdúgbò mi ní Gwarinpa pẹ̀lú oníná, mo ti dúró pátápátá, mo ń dúró kó kọjá, kò mọ̀ rárá pé mọ́tò wà lẹ́yìn òun, ó tiẹ̀ dúró láàárín títì, ó ń tún sílípáàsì ẹ̀ ṣe. Mo kàn fọwọ́ kan fèrè díẹ̀. Ṣe ni gbogbo ara ẹ̀ fò sókè, kẹ́ẹ̀gì kan já bọ́, omi dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó ní "Oga, wallahi ban ji ka ba." Pé òun ò gbọ́ mi. Mo sọ̀ kalẹ̀, a jọ gbé kẹ́ẹ̀gì, mo fún un lówó omi. Tó bá jẹ́ V8 ni, á ti mọ̀ pé mo wà níbẹ̀ kí n tó yí kọ́nà.

Kì í ṣe mai ruwa nìkan. Àwọn afọ́jú tí ọmọdé ń fà lọ́wọ́ ní ìdúró mọ́tò, àwọn ọmọ almajiri, àwọn tó ń sá kọjá Kubwa Expressway lábẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí ìjọba fowó kọ́ fún wọn, àwọn tó ń dúró de along, mọ́tò tó ń gbé èèyàn lójú ọ̀nà, létí títì tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mọ́tò. Gbogbo wọn, etí ni. A lè bú wọn pé kí wọ́n lo ojú, àmọ́ bí ìlú ṣe rí nìyẹn.

Àwọn òyìnbó ti rí èyí tipẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú ní Amẹ́ríkà ló pariwo títí Obama fi buwọ́ lu òfin kan ní January 2011 pé mọ́tò tí kì í dún gbọ́dọ̀ ní ohùn. Ní Yúróòpù, láti July 2019 ni irú oníná èyíkéyìí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń dún níta, nígbà tó di July 2021 ó kan gbogbo mọ́tò oníná tuntun tí wọ́n bá tà, ì báà jẹ́ irú èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tó bá gbéra dé 20 kìlómítà láàárín wákàtí kan ló gbọ́dọ̀ máa dún, àti tó bá ń padà sẹ́yìn, ohùn náà sì gbọ́dọ̀ máa yí bí eré bá ṣe ń yí. Tó bá kọjá 20, òfin ní ariwo táyà ti tó. Ti Amẹ́ríkà gùn díẹ̀, ó dé 30.

Òfin yẹn dáa fún mọ́tò tó ń rìn jẹ́jẹ́ ní ọgbà ilé ìtajà. Àmọ́ ẹ bá mi ṣírò. Mọ́tò tó ń fi 3 sẹ́kọ́ńdì dé 100, tí ẹni tó ń wà á bá tẹ̀ ẹ́ délẹ̀, á ti kọjá 20 kí sẹ́kọ́ńdì kan tó pé. Ohùn tí wọ́n fi òfin ṣe, kí etí tó gbé e dé ọpọlọ, iṣẹ́ ẹ̀ ti parí. Láàárín sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta yẹn, mọ́tò á ti jìnnà tó bíi 40 mítà. Corolla àtijọ́ tó ń fi bíi 10 sẹ́kọ́ńdì dé 100, ní sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta kan náà, bíi 15 mítà ló máa lọ. Sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta náà sì ni èèyàn fi ń rìn kọjá ọ̀nà mọ́tò kan ṣoṣo. Nítorí náà, ìyá ọlọ́jà tó wo òkèèrè, tó rí mọ́tò tó dúró ní ojú iná ní 40 mítà sí òun, tó ní "ó ṣì jìnnà", Corolla ló fi kọ́ ìṣirò yẹn, kò jẹ̀bi. Mọ́tò ti yí padà láìsọ fún un. Tí dírẹ́bà bá sì ti dé 100, bíi 28 mítà ló ń lọ ní sẹ́kọ́ńdì kan, kí ẹsẹ̀ tó kúrò lórí ibi tó ń tẹ̀ bọ́ sórí bíréèkì, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Ariwo táyà tí òfin ní ó tó yẹn ńkọ́? Bóyá ó tó ní ìlú tó dákẹ́. Ẹ lọ dúró ní Berger ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kẹ̀kẹ́ ń dún, jẹnẹrétọ̀ ń dún, ẹni tó ń ta oògùn fi gbohùngbohùn pariwo, sáírẹ́ẹ̀nì kọ́ńfọ́ì ọ̀gá kan ń bọ̀, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹ gbọ́ táyà.

Ẹlòmíì á ní ṣebí ariwo spọ́ọ̀tì elépo náà ni a ń kígbe lé lórí, àwọn ọmọ olówó tó ń gé sàlẹ́ńsà, tí wọ́n ń fi Ring Road ṣe pápá ìje lóru, tí aláìsàn ò lè sùn. Òótọ́ ni, mi ò fẹ́ kí wọ́n padà wá. Hyundai tiẹ̀ ṣe Ioniq 5 N, oníná ni, wọ́n wá fi ohùn ẹ́ńjìnnì àti jíà àfiṣeré sínú ẹ̀ tó ń tinú sípíkà jáde, ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, àmọ́ bí mo ṣe ń wa oníná ọ̀gá mi sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń wakọ̀. Ohun tí mò ń tọrọ kì í ṣe kí a sọ ariwo di púpọ̀. Ohùn tó bá eré mu ni mo fẹ́. Tí mọ́tò bá ń lọ jẹ́jẹ́, kó máa dún jẹ́jẹ́, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ délẹ̀ láàárín ìlú, kí ohùn yẹn má kú sí 20, kó tẹ̀ lé e dé 50 ó kéré tán, torí 50 náà ni òfin ní ká máa sá láàárín ìlú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lèyí, pé ó máa pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Òkè Ọya níbí ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Sokoto, inú ọgbà Yunifásítì Usmanu Danfodiyo, ni NADDC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ mọ́tò ṣíṣe, ti ṣí ibùdó tí wọ́n ti ń fi iná oòrùn gba agbára sí mọ́tò ní 2021. Ní Maiduguri, Mustapha Gajibo ń yọ ẹ́ńjìnnì elépo kúrò nínú bọ́ọ̀sì kékeré, ó ń fi ẹ̀rọ iná sí i. Inú mi dùn sí wọn. Bọ́ọ̀sì Gajibo kò ní fi 2 sẹ́kọ́ńdì dé ibì kankan, àmọ́ ó máa dákẹ́ ní ìdúró bọ́ọ̀sì láàárín àwọn ọmọdé, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká ronú nípa ohùn láti ìsinsìnyí tí mọ́tò oníná ò tíì pọ̀.

Nítorí náà, mò ń bẹ àwọn tó ń ṣe òfin ohun tó lè wọ ibodè pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé oníná tí kò ní ohùn ìta ò gbọdọ̀ wọlé, tuntun ni o, tòkúnbọ̀ ni o, pàápàá tòkúnbọ̀, torí èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú òfin àwọn òyìnbó ni wọ́n máa kó wá tà fún wa lówó pọ́ọ́kú. Àwọn Road Safety náà, tí wọ́n bá ń dán èèyàn wò fún láísẹ́nsì, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè kan lórí mọ́tò tó ń gbéra bí èyí, ẹyọ kan náà ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá ni mo fi kẹ́yìn, torí ẹ̀yin lẹ lè ṣe tiyín lónìí láìdúró de ìjọba. Ọ̀pọ̀ oníná ló ní ibì kan lójú skírìnì tí ẹ ti lè dín bó ṣe ń gbéra kù, Tesla ń pe tiwọn ní Chill, àwọn míì ń pe tiwọn ní Eco. Ó ṣì máa sáré tó láti ṣáájú tírélà. Iléyá ń bọ̀, àwọn ọmọ yín á gbé mọ́tò lọ sí Jabi Lake lọ ṣe fáàjì, wọ́n á kó ọ̀rẹ́ sí i, wọ́n á fẹ́ fi hàn wọ́n bó ṣe ń fò. Ẹ lọ tẹ ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà àṣírí tì í bí mọ́tò yín bá gbà bẹ́ẹ̀, torí mo mọ àwọn ọmọ yẹn, ibi tí wọ́n máa kọ́kọ́ wá nìyẹn.

Èmi ni tiyín,
Dírẹ́bà kan ní Gwarinpa, Abuja.